Nígbà tí enp3s0 di ẹlòmíràn: bí a ṣe sọ pọ́ọ̀tì ẹ̀rọ mẹ́sàn-án lórúkọ tí kì í yẹ̀

Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ ìtọ́jú mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan, wáyà kan wọ inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń fún ọ́fíìsì náà ní íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn jáde lọ bá àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé. Iṣẹ́ wọn dọ́gba, àmọ́ ara wọn kò jọra. Mẹ́ta jẹ́ àpótí kékeré tí kò ní fáànù, tí pọ́ọ̀tì méjì (ojú ibi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀) wà lára rẹ̀. Méjì jẹ́ sáfà ńlá. Méjì jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti dàgbà, tí a fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì kún. Ọ̀kan jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí pọ́ọ̀tì rẹ̀ kejì jẹ́ ti USB. Mẹ́jọ yìí ń lo Linux. Ẹ̀kẹsàn-án ń lo FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn. Ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a rà wọ́n, bí owó bá ṣe yọjú.

Nítorí pé ara wọn kò jọra, orúkọ pọ́ọ̀tì wọn náà kò jọra. Àwọn àpótí kékeré ní enp2s0 àti enp3s0. Àwọn sáfà ní eno1, eno2 àti eno3. Àwọn ti orí tábìlì ní enp0s25 àti enp5s0. Èyí tó ń lo USB ní eno1 àti enx pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá lẹ́yìn rẹ̀. FreeBSD ní igb0 àti igb1. Òfin firewall (aṣọ́nà tó ń pinnu ohun tó lè kọjá) kan náà, DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà) kan náà, ètò kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé, síbẹ̀ ẹ̀dà mẹ́sàn-án ni mo ń tọ́jú, torí orúkọ nìkan. Bí mo bá tún ìlà kan ṣe nínú ọ̀kan, mo ní láti tún un ṣe nínú mẹ́jọ yòókù. Mo mọ̀ pé kò dára, mo sì ń sún un síwájú.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Dísìkì ọ̀kan nínú àwọn àpótí kékeré fẹ́ kún. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wà nítòsí ibẹ̀ lọ fi dísìkì NVMe tuntun sí i lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣíwọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó ki dísìkì bọ ihò rẹ̀, ó tún ẹ̀rọ tàn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi nílé, mo ń retí kí àpótí náà fojú hàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá, n kò rí i. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí fóònù mi tó dún.

“Ẹ̀gbọ́n, iná ń tàn lára pọ́ọ̀tì méjèèjì o, àmọ́ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé rárá. Kọ̀ǹpútà mi kò tiẹ̀ rí àdírẹ́sì gbà.”

“Tẹ `ip -br link`, kí o ka gbogbo ohun tó bá gbé jáde sí mi létí.”

“Ó ní enp3s0. Ó ní enp4s0.”

“enp2s0 ńkọ́?”

“Kò sí enp2s0 níbí, ẹ̀gbọ́n.”

Ká ní orúkọ méjèèjì ló pòórá ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn: ẹ̀rọ á dákẹ́, a ó tún un ṣe, a ó lọ sùn. Ohun tó já mi láyà ni pé enp3s0 ṣì wà níbẹ̀. Lánàá, pọ́ọ̀tì inú ilé ló ń jẹ́ enp3s0. Lálẹ́ yìí, pọ́ọ̀tì ìta ni. Ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ẹni náà ti yí padà. Gbogbo ohun tí a ti kọ sílẹ̀ fún enp3s0 ló ṣe fún un láìyẹ̀. Ó fún un ní 10.20.4.1, tó jẹ́ àdírẹ́sì ẹnu ọ̀nà inú ilé. DHCP wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí lórí wáyà ìta. Òfin firewall tó ní kí a gba gbogbo ohun tó bá ti inú ilé wá ti di òfin tó ń gba gbogbo ohun tó bá ti ìta wá. Àwọn òfin tó yẹ kó dí enp2s0 ṣì wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni mu. Kò sí ìkìlọ̀ kankan nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe.

Mo ní kí ó fa wáyà ìta yọ lójú ẹsẹ̀, ó sì fà á yọ. Nígbà tí a wo log DHCP, ẹ̀rọ mẹ́ta tí kì í ṣe tiwa ti gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ wa láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò lórí wáyà kan náà ni, àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ wá, tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn sì dàrú lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí dísìkì tí a fi sínú àpótí tiwa. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo pe iléeṣẹ́ tó ni wáyà lálẹ́ yẹn, mo sọ ohun tí a ṣe fún wọn, mo sì tọrọ àforíjì.

Ìdí tí orúkọ fi yẹ̀

Láyé àtijọ́, bí driver (ètò tó ń darí káàdì) bá ṣe ń jí ni kernel Linux (ọkàn ètò náà) ń pín eth0, eth1, eth2: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló gba òdo. Lórí ẹ̀rọ tó ní káàdì kan ṣoṣo, kò sí ìjà. Lórí èyí tó ní méjì tí driver wọn yàtọ̀, eré ìje ni, ẹni tó borí lónìí lè má borí lọ́la. Nígbà tó yá, udev, ètò tó ń sọ ohun ara ẹ̀rọ lórúkọ, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ 70-persistent-net.rules, tó so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀) káàdì tó bá rí. Ẹni tó bá ti da dísìkì ẹ̀rọ kan kọ sórí òmíràn nígbà yẹn á rántí ìyà tó wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tuntun á jí, eth0 àti eth1 á ti ní olówó nínú fáìlì, káàdì tuntun á wá máa jẹ́ eth2 láìsí ẹ̀gbọ́n. Dell gbé biosdevname jáde, tó mú em1 àti p1p1 wá, Fedora 15 sì gbà á wọlé ní 2011. Ní 2013 ni systemd 197 (systemd ni ètò tó ń jí àwọn iṣẹ́ Linux) mú ìlànà tí a ń lò títí dòní dé: eno fún pọ́ọ̀tì orí mọ́dábọ́ọ̀dù tí firmware (ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) bá fún ní nọ́ńbà, ens fún ihò tí firmware bá mọ nọ́ńbà rẹ̀, enp fún ipò káàdì lójú ọ̀nà PCI tó so káàdì mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, enx fún àdírẹ́sì MAC.

Nínú ìlànà yìí, enp3s0 kàn ń sọ ibi tí káàdì jókòó sí ni: Ethernet, bus (ọ̀nà) kẹta, slot (ihò) òdo. Àdírẹ́sì ilé ni. Bí ìlú bá tún òpópónà kà, onílé á bá ara rẹ̀ ní nọ́ńbà mìíràn láìkó ẹrù. Firmware ló ń pín nọ́ńbà bus bó ṣe ń ka ohun tó wà lára ẹ̀rọ nígbà tó bá ń jí. Nígbà tí ihò NVMe ṣófo, firmware àpótí náà pa ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, kò fún un ní nọ́ńbà. Bí dísìkì ṣe wọlé, ọ̀nà náà ṣí, ó gba bus 2, àwọn tó wà lẹ́yìn sì sún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi `lspci` wò ó lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: dísìkì ní 02:00.0, àwọn pọ́ọ̀tì ní 03:00.0 àti 04:00.0.

Àwọn tó ṣe ìlànà náà pè é ní orúkọ tí a lè sọ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì parọ́. Bí o bá mọ ibi tí káàdì wà, o lè sọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó jí. Èmi ni mo gbọ́ “sọ tẹ́lẹ̀” tí mo túmọ̀ rẹ̀ sí “kì í yí padà”.

Ohun tí kò gbè wá

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni `net.ifnames=0`, kí gbogbo ẹ̀rọ padà sí eth0 àti eth1. Mo dán an wò lórí ọ̀kan nínú àwọn ti orí tábìlì, níbi tí pọ́ọ̀tì kan ń lo driver e1000e tí èkejì ń lo r8169. Mo tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ipò ara wọn. Èyí burú ju ti NVMe lọ, torí pé a kò fọwọ́ kan ohunkóhun kó tó ṣẹlẹ̀.

Mo tún rò ó bóyá kí n fi enx sọ gbogbo wọn. MAC kì í yí, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n enx pẹ̀lú àmì méjìlá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gééré, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà sì ni òpin orúkọ tí kernel ń gbà. Ọ́fíìsì kan wa ní VLAN 20 (nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ lórí wáyà kan náà) fún àwọn àlejò, tí a ń fi “.20” kún orúkọ pọ́ọ̀tì fún un; ibo ni “.20” á ti ráyè? Ẹ̀dà mẹ́sàn-án tí mo ń sá fún á sì tún wà níbẹ̀, ní kíkorò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Orúkọ láti inú iṣẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo bi ara mi léèrè pé: bí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ni a ń pe pọ́ọ̀tì wọ̀nyí? “Ti ìta.” “Ti ilé.” Lórí àwọn sáfà, ẹ̀kẹta wà tí a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ: “ti ìṣọ́.” Kò sẹ́ni tó ń sọ enp3s0 lẹ́nu àfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Orúkọ ti wà lẹ́nu wa látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ nìkan ni kò tíì gbọ́. Bí a ṣe dé orí ita0, ile0 àti iso0 nìyẹn, láìsí àmì ohùn, torí pé ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kì í gba àmì lórí lẹ́tà orúkọ pọ́ọ̀tì.

Ohun tí a so orúkọ náà mọ́ ni àdírẹ́sì MAC tí wọ́n kọ sínú káàdì láti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Àmútọ̀runwá káàdì ni: ó ń bá a lọ sí ihò yòówù tí a bá gbé e sí. Fáìlì kékeré kan fún pọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ló tó, nínú /etc/systemd/network. Èyí ni 10-ita0.link, pẹ̀lú MAC àpẹẹrẹ:

[Match]
PermanentMACAddress=00:00:5e:00:53:01

[Link]
Name=ita0
AlternativeNamesPolicy=onboard slot path

Ìlà tó gbẹ̀yìn ń jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì, èyí tí kernel ti ń gbà láti 5.5. Ẹni tó bá tẹ `ip link show enp3s0` nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn ṣì máa rí pọ́ọ̀tì náà. Ṣùgbọ́n kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé e nínú firewall: orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni iifname (ọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ pọ́ọ̀tì tí nǹkan gbà wọlé) ń wò nínú nftables, ètò firewall Linux.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èyí á rọrùn, kò sì rọrùn. Lákọ̀ọ́kọ́, mo pe fáìlì náà ní ita0.link, láìsí nọ́ńbà níwájú. Udev ń ka àwọn fáìlì yìí ní títẹ̀lé orúkọ wọn, èyí tó bá kọ́kọ́ bá káàdì mu ló ń lò, kò sì ní wo èyí tó kù. 99-default.link ṣáájú ita0.link, torí pé nọ́ńbà ń ṣáájú lẹ́tà. Mo tún ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rí i. Lẹ́yìn tí mo ti yí i sí 10, àwọn sáfà méjèèjì ṣì ṣoríkunkun: ẹ̀dà udev tó wà nínú initramfs (àpò ètò kékeré tí Linux kọ́kọ́ fi ń jí) ti sọ pọ́ọ̀tì lórúkọ kí fáìlì mi tó yọjú. `update-initramfs -u` ló yanjú ìyẹn. Ẹni tó bá ń lo dracut, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe initramfs, á tẹ `dracut -f`.

Ti VLAN ló fún mi ní orí fífọ́ jù. Ẹ̀rọ méjì ń lo systemd tó ti pẹ́ ju 245 lọ, tí kò mọ PermanentMACAddress, nítorí náà mo kọ MACAddress fún wọn. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni VLAN 20 wà. VLAN máa ń jogún MAC pọ́ọ̀tì tó bí i, kò sì ní tirẹ̀ láti iléeṣẹ́. Fáìlì mi wá bá ìyá àti ọmọ mu, udev sì ń gbìyànjú láti sọ àwọn méjèèjì ní ile0. Ìyá gba orúkọ, ti ọmọ kọ̀, log kún fún ẹjọ́. Mo lè fi ìlà Driver kún un kí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ náà ti tó sọ dọ̀tun; mo gbé wọn sókè sí systemd tuntun, mo sì lo PermanentMACAddress bíi ti àwọn yòókù.

Ohun kan tí n kò ṣe, tí mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni kó má ṣe é: má fi Name=eth0 sí i. Kernel fúnra rẹ̀ ń pín orúkọ wọ̀nyẹn bí ẹ̀rọ bá ń jí. Bí káàdì mìíràn bá ti gba eth0 kí tìrẹ tó dé, ìyípadà orúkọ á kùnà.

Lórí FreeBSD, ọ̀rọ̀ kúrú. Ìlà `ifconfig_igb0_name="ita0"` nínú rc.conf ti tó, gbogbo ìlà yòókù á sì máa pe ita0. Ó ṣì gbára lé ètò tí driver igb fi ń ka pọ́ọ̀tì rẹ̀, àmọ́ méjèèjì wà lára káàdì kan náà, èmi sì lè fara mọ́ ìyẹn.

Firewall

Ní alẹ́ tí nǹkan bàjẹ́, mo bínú sí iifname. Ó ń fi orúkọ wé orúkọ, bí orúkọ bá sì ti kúrò nílé, kì í sọ nǹkan kan. Mo rò ó pé kí n lo iif dípò rẹ̀, èyí tó ń wá pọ́ọ̀tì náà gan-an nígbà tí a bá ń gbé òfin wọlé, tó sì ń kígbe bí kò bá rí i. Inú mi dùn pé n kò yára. Nftables ń gba fáìlì òfin lódindi tàbí kí ó kọ̀ ọ́ lódindi. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, kò tíì sí òfin àtijọ́ kankan tó lè dúró. Bí ìlà kan bá sì fa ìkọ̀sílẹ̀, ẹ̀rọ á dìde sẹ́nu ọ̀nà láìwọ aṣọ. Kígbe tó kígbe nínú log, ta ló ń gbọ́ ọ láago méjì òru?

Nítorí náà iifname dúró, àmọ́ mo yí ohun tó yí i ká padà. Policy (ohun tí firewall ń ṣe bí òfin kankan kò bá bá a mu) jẹ́ drop, ìyẹn ni pé kó dà á nù, fún ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Gbogbo òfin tó ń gbà ń dárúkọ ile0 tàbí ita0 ní gbangba. Kò sí káàdì kan láyé tó máa jí kó ṣèèṣì máa jẹ́ ile0. Àfi kí MAC rẹ̀ wà nínú fáìlì wa. Bí káàdì bá yí tàbí fáìlì bá sọnù, pọ́ọ̀tì náà á padà sí enp kan, òfin kankan kò ní bá a mu, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ sàn fún mi ju ẹ̀rọ tó ń fi àdírẹ́sì ta àwọn aládùúgbò lọ́rẹ. DHCP náà, mo fi ìlà méjì so ó mọ́ pọ́ọ̀tì rẹ̀: BindsTo=sys-subsystem-net-devices-ile0.device, àti After tó dárúkọ ohun kan náà. Bí ile0 kò bá sí, kò ní bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe gbé e dé gbogbo ọ́fíìsì

Kí a tó kọ MAC sínú fáìlì, a ní láti mọ pọ́ọ̀tì wo ni MAC wo. `ethtool -P` á fún ọ ní MAC àtilẹ̀wá; `ethtool -p enp3s0 30` á mú kí iná pọ́ọ̀tì náà máa ṣẹ́jú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró síwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú fóònù létí, wọ́n ń sọ èyí tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì ń lẹ sítíkà mọ́ ọn: ITA, ILÉ. Driver ti USB kò mọ bí a ti ń ṣẹ́jú, torí náà a fa wáyà rẹ̀ yọ, a sì wo èyí tó kú nínú `ip -br link`.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà jìnnà sí mi, orúkọ pọ́ọ̀tì tí mo ń gbà wọlé sì ni mo fẹ́ yí padà. Mo fẹ́ lo `systemd-run` pẹ̀lú aago kí ó lè dá nǹkan padà bí mo bá ti ara mi mọ́ ìta, kí n tó rántí pé aago bẹ́ẹ̀ kì í la àtúntàn já. Mo kọ service kan dípò rẹ̀, tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ, tó ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí n kò bá wọlé kí n dá a dúró, á dá gbogbo fáìlì àtijọ́ padà sí ipò wọn, á sì tún ẹ̀rọ tàn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣiṣẹ́ rẹ̀: mo ti gbé MAC ita0 sínú fáìlì ile0 lórí ọ̀kan nínú àwọn sáfà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gùn.

Ẹ̀dà ètò kan ṣoṣo ni a ní fún ẹ̀rọ Linux mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ báyìí. Fódà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò ní ju fáìlì .link rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kernel tuntun wọ àwọn sáfà, driver wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ pọ́ọ̀tì fún udev, eno1 sì di eno1np0. Inú orúkọ kejì nìkan ni mo ti rí i. Ita0 kò mira.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, káàdì r8169 orí ọ̀kan nínú àwọn ti orí tábìlì kú. Ẹlẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ fi káàdì mìíràn rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀rọ jí láìsí ile0, DHCP kò bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àdírẹ́sì kankan tó jáde sí ibi tí kò yẹ. Ó ka MAC tuntun sí mi létí láti ara sítíkà tó wà lára káàdì. Mo kọ ọ́ sínú 10-ile0.link, mo ní kó kà á sí mi lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á, a sì tún ẹ̀rọ tàn kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ́fíìsì.